Ọjọ́ mẹ́sàn-án pẹ̀lú GIMP: bí mo ṣe sọ fọ́tò Bàbá lórí ẹṣin di àwòrán ara ògiri

Iṣẹ́ fọ́tò àti férémù ni mo ń ṣe ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀. Páásípọ́ọ̀tù, ìgbéyàwó, ìsìnkú, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè ní OAU tó fẹ́ férémù ńlá tí màmá rẹ̀ máa gbé kọ́ pálọ̀, ohun tá a fi ń jẹun nìyẹn. Lóṣù tó kọjá, Àǹtí kan wọlé, wọ́n na fóònù sí mi, wọ́n ní, "Bọ̀ọ̀dá Fọ́tò, ẹ wo bàbá mi." Bàbá jókòó lórí ẹṣin pupa ràbàtà kan, agbádá sányán lọ́rùn wọn, fìlà abetí ajá lórí, lọ́jọ́ tí wọ́n jẹ oyè. Ọjọ́ ìbí wọn tó máa pé 80 ọdún ti ń bọ̀. Àǹtí ò fẹ́ fọ́tò lásán. Àwòrán ni wọ́n fẹ́, èyí tẹ́nì kan á wò táá rò pé ayàwòrán ló jókòó fi ọ̀dà kùn ún, ní ìwọ̀n A3.

Mi ò ní purọ́, áàpù orí fóònù ni mo kọ́kọ́ sá lọ bá. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ní kí n ṣáà fi ìka tẹ ibì kan, gbogbo rẹ̀ á di ọnà. Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹṣin jáde lẹ́sẹ̀ márùn-ún. Ìjánu gba inú etí rẹ̀ kọjá, ojú Bàbá sì di ojú ọ̀dọ́kùnrin kan tí èmi ò rí rí. Wọ́n tún lẹ orúkọ ilé iṣẹ́ wọn gbàgàdà mọ́ ìsàlẹ̀ àwòrán, wọ́n ní dọ́là ni wọ́n máa gbà kí wọ́n tó yọ ọ́. Bí mo ṣe padà sọ́dọ̀ GIMP nìyẹn. Ó ti wà lórí láptọ́ọ̀pù mi tipẹ́, àmọ́ kí n fi gé etí fọ́tò nìkan ni mo mọ̀.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ò bá mọ̀ ọ́n: ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún fọ́tò àti àwòrán ṣe ni GIMP. Ọ̀fẹ́ ni, kì í ṣe ọ̀fẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́ tí wọ́n á wá máa béèrè káàdì báńkì lẹ́yìn náà. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní yunifásítì California ní Berkeley, Spencer Kimball àti Peter Mattis, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1995, tó fi di pé aráyé rí i lò lọ́dún 1996. Photoshop ni àwọn ọ̀gá wa kọ́ṣẹ́ lé lórí, èmi náà sì fi kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n láti 2013 ni wọ́n ti sọ ọ́ di ohun tí èèyàn ń sanwó fún lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mò ń fi owó jẹnẹrétọ̀ jà, ìyẹn ò ṣeé ṣe. GIMP 3.0 tó jáde ní oṣù kẹta ọdún 2025 ni mo lò. Láptọ́ọ̀pù mi jẹ́ tòkunbọ̀, RAM rẹ̀ ò ju 4GB lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa rántí RAM yẹn bẹ́ ẹ bá gbọ́ tí mò ń ráhùn.

Fọ́tò fúnra rẹ̀ ni kí n kọ́kọ́ sọ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ kó tó dórí kọ̀ǹpútà. Àǹtí fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe. Nígbà tí mo ṣí i, gígùn rẹ̀ ò ju 1600 pixel lọ, ìyẹn àwọn àmì bíńtín tó para pọ̀ di fọ́tò. Bẹ́bà A3 tó máa dán dáadáa ń fẹ́ 300 pixel nínú íǹṣì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 4961 ní gígùn àti 3508 ní ìbú. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ò tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Mo bẹ Àǹtí kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́ bíi Document, kó má bàa fún kù lójú ọ̀nà, èyí tó dé lẹ́ẹ̀kejì sì jẹ́ 4000 sí 3000. Kò pé iye yẹn, ṣùgbọ́n àwòrán tó bá dà bí èyí tí wọ́n fi ọ̀dà kùn kì í béèrè pé kí gbogbo irun hàn.

Wàhálà tó kù ni ohun tó wà lẹ́yìn Bàbá. Òpó iná kan yọ látorí fìlà wọn bí ìwo. Ọ̀kadà mẹ́ta wà nídìí ẹṣin, kánópì pupa kan ta sọ́wọ́ ọ̀tún, ọmọkùnrin kan láti Sábó sì di okùn ìjánu mú, kò tiẹ̀ wo kámẹ́rà. "Ẹ yọ gbogbo ìyẹn kúrò," ni Àǹtí wí. "Bàbá àti ẹṣin nìkan ni mo fẹ́ rí."

Foreground Select ni irinṣẹ́ tí GIMP fi ń ya nǹkan sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ máa fa ìlà yí ẹṣin ká láìṣe ti kínníkínní, ẹ tẹ Enter, ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì kun àárín ara rẹ̀ kí kọ̀ǹpútà lè mọ̀ pé èyí gan-an lẹ fẹ́. Ikùn, ẹsẹ̀, agbádá, gbogbo rẹ̀ ló mú dáadáa, torí ẹṣin pupa ni, ojú ọ̀run tó wà lẹ́yìn sì funfun. Gògò rẹ̀ ló dá mi lágara. Irun tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú atẹ́gùn, tí kánópì pupa tún wà lẹ́yìn rẹ̀, GIMP ò mọ irun yàtọ̀ sí aṣọ mọ́. Ọ̀nà méjì ló ní fún iṣẹ́ yìí. Matting Levin mọ irun ju Matting Global lọ, ṣùgbọ́n ó lọ́ra. Mo tẹ̀ ẹ́, mo lọ ra àkàrà, mo jẹ ẹ́ tán, mo padà dé, ó ṣì ń yí.

Nígbẹ̀yìn, mo fá gògò náà kúrò pátápátá bí ẹni fárí ọmọ. Mo wá fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ ya irun padà, fọ́nrán kan tẹ̀ lé òmíràn, láti orí ọrùn wá sísàlẹ̀, mo sì fi Smudge fà wọ́n lọ síbi tí atẹ́gùn ń darí sí. Ọjọ́ méjì gbáko ló gbà mí. Mouse ni mo fi ṣe é o. Bẹ́ ẹ bá ní pátákó ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi kálámù yàwòrán lé lórí, GIMP mọ̀ ọ́n lò, bẹ́ ẹ bá sì ṣe tẹ̀ ẹ́ sí ni ìlà rẹ̀ á ṣe nípọn sí. Èmi ò ní, apá mi ló sọ fún mi.

Layer mask ló jẹ́ kí n fẹ́ràn GIMP. Ẹ wo layer bí ọ̀rá tí ojú ń ríran gbà kọjá, tá a tò lé ara wọn, ẹṣin àti Bàbá lórí ọ̀kan, gògò lórí òmíràn, àwọ̀ lórí ẹ̀kẹta. Mask wá dà bí aṣọ ìkélé tá a ta síwájú ọ̀kan nínú wọn. Ibi tẹ́ ẹ bá kùn ní dúdú lórí mask á fara pamọ́, ibi tẹ́ ẹ bá kùn ní funfun á yọjú, nǹkan kan ò sì parẹ́. Èmi tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí pẹ̀lú Eraser, mo mọ iye ìgbà tí oníbàárà ti yí ọkàn padà lẹ́yìn tí mo ti pa ohun tí wọ́n ń béèrè rẹ́. Òpó iná, ọ̀kadà, kánópì, ọmọ Sábó, mask ni mo fi bo gbogbo wọn. Ó ku okùn ìjánu tó wà lọ́wọ́ ọmọ náà, tí ò wá sẹ́ni tó dì í mú mọ́. Mo ya okùn mìíràn sórí layer tirẹ̀, mo jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ọrùn ẹṣin. Ó dùn mọ́ mi nínú nígbà náà.

Àwọn filter tí gbogbo ayé ń pariwo, ìyẹn àwọn ohun tó ń yí ìrísí fọ́tò padà lẹ́ẹ̀kan náà, wà lábẹ́ Artistic. Oilify ń kó àwọ̀ tó bá sún mọ́ra pọ̀ sójú kan, bí ìgbà tí búrọ́ọ̀ṣì fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ bá fa ọ̀dà kọjá. Nọ́ńbà tó wà níwájú Mask Radius ló ń sọ bí búrọ́ọ̀ṣì ọ̀hún ṣe tóbi tó. Mo fi 8 sí i, ó bá ara ẹṣin mu. Mo fi 20 sí i, ẹṣin di mọ́ínmọ́ín. Cartoon ní tirẹ̀ ń sọ ibi tó bá ṣókùnkùn ju àyíká rẹ̀ lọ di dúdú kirikiri. Ó ṣe gàárì àti ìjánu lóore, ṣùgbọ́n ó rí gbogbo ìlà tó wà lójú Bàbá, ó sì tọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi mask dáàbò bo ojú àgbàlagbà. Ojú ẹṣin náà ń fẹ́ ìṣọ́ra. Ọmọlójú ẹṣin kì í ṣe róbótó bíi tèèyàn, ó nà gbọọrọ ní ìbú, bí Oilify bá sì gba orí rẹ̀ kọjá, ihò lásán ló máa kù. Mo fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, mo kan to funfun bíńtín kan sí i kó lè tàn.

Nínú GIMP àtijọ́, filter tẹ́ ẹ bá ti fi sí i ti wọ ara àwòrán nìyẹn, àfi kẹ́ ẹ máa tẹ Ctrl+Z padà sẹ́yìn. Ní 3.0, ọ̀pọ̀ nínú wọn kàn dúró lórí layer bíi fìlà ni, ẹ lè ṣí i lọ́jọ́ kejì kẹ́ ẹ yí nọ́ńbà rẹ̀ padà. Torí èyí nìkan, bó bá jẹ́ 2.10 ló ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ wá dátà.

Àwọ̀ ni mo gbádùn jù. Mo ti lọ sí mùsíọ́ọ̀mù tó wà ní Ẹnuwá láìmọye ìgbà, àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ lọ́dún 1938 ò sì fìgbà kan kúrò lọ́kàn mi, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Irú àwọ̀ yẹn ni mo fẹ́ fún ẹṣin. Mo ṣe ẹ̀dà layer ẹṣin, mo yan àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣú fún Foreground, mo yan wúrà fún Background, mo lọ sí Colors, Map, Gradient Map. Gbogbo òjìji di àwọ̀ ilẹ̀, gbogbo ibi tí oòrùn bà sì di wúrà. Mo dín agbára layer náà kù sí 60, mo yí bó ṣe ń pò mọ́ ti abẹ́ rẹ̀ sí Soft light. Ẹṣin náà yọ bí idẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà. Ìyàwó mi tó wá gbé oúnjẹ fún mi dúró, ó ní, "Ta lẹ bá ya èyí?"

Fún ẹ̀yìn rẹ̀, Àǹtí fẹ́ ààfin. Mo kọ̀. Apá òsì ni oòrùn ti ń bá ẹṣin, apá ọ̀tún ni nínú fọ́tò ààfin tí wọ́n mú wá, ojú tí ò tiẹ̀ mọ àwòrán á mọ̀ pé irọ́ wà níbẹ̀. Mo kùn ún ní àwọ̀ aró, bí àdìrẹ tó rẹ dáadáa. Àbúrò Àǹtí náà ní tirẹ̀, ó ní kí n jẹ́ kí ẹṣin máa sáré, kó na ẹsẹ̀ iwájú síwájú, kó na tẹ̀yìn sẹ́yìn. Mo fi Warp Transform gbìyànjú rẹ̀, ẹsẹ̀ ń fà bíi rọ́bà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tiẹ̀ ti parí láti 1878, nígbà tí Eadweard Muybridge to kámẹ́rà sí ẹ̀gbẹ́ pápá ní California, tó fi hàn pé ìgbà tí ẹṣin tó ń sáré bá ká ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ sábẹ́ ikùn ni gbogbo wọn ń kúrò nílẹ̀, kì í ṣe ìgbà tó bá nà wọ́n. Mo fi fọ́tò náà han àbúrò. Ó dákẹ́.

Ẹ̀sùn mi wà o. Ẹni tó ti Photoshop wá máa kọ́kọ́ sọnù, torí orúkọ nǹkan yàtọ̀, ibi tí wọ́n kó wọn sí náà yàtọ̀, ọ̀pọ̀ fídíò tí wọ́n fi ń kọ́ni sì jẹ́ ti GIMP àtijọ́. Lórí RAM 4GB, bí layer bá ti lé ní mẹ́wàá, ẹ máa fi sùúrù mí. RGB, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, sì ni GIMP fi ń ṣiṣẹ́, nígbà tó jẹ́ pé íǹkì mẹ́rin ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò. Níbi tí mo ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, aró mi jáde bí àwọ̀ elése àlùkò, wọ́n sì ní bí mo ṣe gbé e wá nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ ègé kékeré kan fún yín wò ná kí wọ́n tó fọwọ́ kan bẹ́bà ńlá. Iná sì lọ lẹ́ẹ̀mejì mọ́ mi lórí. Ẹ máa tẹ Ctrl+S bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà, kó sì jẹ́ XCF, irú fáìlì tó jẹ́ ti GIMP fúnra rẹ̀, lẹ máa fi pa á mọ́, torí JPEG máa lẹ gbogbo layer pọ̀ di ẹyọ kan. Bí wọ́n bá ní kí n fún un ní ìràwọ̀, mẹ́rin nínú márùn-ún ni màá fún un.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin sí ìnáwó, èmi àti Àǹtí gbé àwòrán lọ fún Bàbá nílé wọn ní Mọ̀ọ̀rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Bàbá wọ awò wọn, wọ́n wò ó pẹ́.

"Ó dára. Ó dára púpọ̀. Ọmọ tó di ẹṣin mú dà?"

Àǹtí ní, "A yọ ọ́ kúrò ni, Bàbá, kí ẹ̀yin nìkan lè hàn."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi wá sójú wọn. "Ìbọn tí wọ́n yìn lọ́jọ́ náà, bí kì í bá ṣe ọmọ yẹn, ilẹ̀ lẹ̀ bá ti wá ṣà mí. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n lábẹ́ agbádá. Ẹ dá a padà síbẹ̀."

Láptọ́ọ̀pù wà nínú báàgì mi. Mo ṣí XCF níbẹ̀, lórí àga Bàbá. Mo tẹ àmì ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ layer okùn tí mo yà, ó pòórá. Mo lọ sórí mask, mo mú funfun, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọwọ́ yọ, okùn gidi yọ, èjìká, fìlà. Bàbá ń nawọ́ sí i, wọ́n ń sọ pé, "Òun nìyẹn, òun nìyẹn."

Filter àti àwọ̀ ló gba alẹ́ ọjọ́ náà, torí bí fọ́tò lásán ni ọmọ náà ṣe wọlé sáàárín ọ̀dà. Oilify 8, bíi ti ẹṣin. Ní ti owó bẹ́bà kejì, Àǹtí ti gbà pé àwọn ló máa san án.