Ọjọ́rú nìkan ni wọ́n ń ṣí: ibi tí mo ti ṣe ìfètòsọ́mọbíbí lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó

Máàkì tí mo fún wọn ni 6 nínú 10. Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ gba 9, ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí ló fà wọ́n sẹ́yìn. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà, torí ibẹ̀ náà ni mo ṣì máa padà sí. Ẹni tó bá ń gbé apá ọ̀dọ̀ wa, níbi tí ọ̀dà ti tán, á mọ ibi tí mò ń sọ.

Iṣẹ́ gààrí ni mò ń ṣe. Ọrọọrún la máa ń ná ọjà wa. Ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ wa ní tiwọn, Ọjọ́rú nìkan ni wọ́n ń dá àwọn tó ń ṣe ìfètò lóhùn. Ẹ wá bá mi ṣírò. Láti ọjà dé ọjà, ọjọ́ mẹ́rin ni. Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n ń kọ sí kádì, ìyẹn ọjọ́ 84. Ẹ fi 4 pín 84: 21 ni, kò ṣẹ́ ku nǹkan kan. Ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ lọ́jọ́ ọjà, gbogbo èyí tó kù, ọjọ́ ọjà ni wọ́n máa bọ́ sí. Ohun tó ṣe mí gan-an nìyẹn. Lẹ́yìn ọmọ kẹta, mi ò tíì máa ná ọjà, mo kàn jí lọ́jọ́rú kan ni mo bá lọ. Ọjọ́ ọjà ni. Mi ò tiẹ̀ rò ó.

Ìkejì, ìyàwó àbúrò ọkọ mi bá mi dúró ti àpò gààrí. Nígbà tí ìkẹta fi máa dé, òun náà ti bímọ. Gààrí tí mo fi sílẹ̀ kó kan fún ọjọ́ mẹ́rin, tí mo fún, tí mo sẹ́, tí mo yan mọ́jú, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ wà nínú rẹ̀. Ṣé kí n pa á tì, kí n lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti aago mẹ́jọ títí di aago kan? Mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, mo fún ọlọ́kadà ní ₦1,000 ní àlọ nìkan. "Ó ti tán, ìyá. Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ méjì." Ọ̀sẹ̀ méjì pé, mo tún san ₦1,000, wọ́n ní nọ́ọ̀sì ti bá àwọn tó ń fún ọmọdé ní àjẹsára lọ sóko. Mo bá jókòó sílé mi.

Abẹ́rẹ́ yẹn ti dá nǹkan oṣù mi dúró láti ìgbà àkọ́kọ́, torí náà nígbà tí mi ò rí i, kò jọ mí lójú. Èéfín gààrí ló bẹ̀rẹ̀ sí í rùn sí mi, èmi tí mo ti ń yan gààrí láti kékeré. Ìyá ọkọ mi wò mí títí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ìyàwó mi, ẹ ti di méjì o." Oyún ti pé oṣù mẹ́rin.

Ọmọ ọ̀hún wà lẹ́yìn mi bí mo ṣe ń tẹ èyí, ó ń fa irun mi. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀. Àmọ́ mi ò ṣètò rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá gbé gbohùngbohùn sọ fún wa pé àwọn obìnrin oko ò tíì là lójú. Ojú wa là, ọjọ́ náà la sì mọ̀ ọ́n kà. (Òótọ́ ni pé àwọn kan ṣì ń mu omi iyọ̀, tàbí Krest, lẹ́yìn tí ọkọ bá bá wọn sùn tán. Mo mọ ọmọ méjì ládùúgbò wa tó yẹ kí wọ́n máa jẹ́ Krest. Postinor, oògùn tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, ní tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tí èèyàn bá lò ó láàárín ọjọ́ mẹ́ta, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dára tó, ṣùgbọ́n ti pàjáwìrì ni. Kẹ́míìsì tó sún mọ́ wa, inú Ìjẹ̀bú-Igbó ló wà.)

Ọjọ́rú tó tẹ̀lé Ojúde Ọba 2025 ni mo padà lọ. Mo ti ka ọjọ́ kí n tó kúrò nílé: ọjà ku ọ̀la. Nọ́ọ̀sì tuntun ni mo bá, obìnrin Rẹ́mọ kan tí kì í jágbe mọ́ èèyàn. Ó pe àwa mẹ́rin wọlé, ó pàtẹ gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì bí ìyá aláte: kọ́ńdọ̀mù, oògùn ojoojúmọ́, abẹ́rẹ́, èyí tó rí bíi lẹ́tà T tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ, tó ń lo ọdún mẹ́wàá, àti ti abẹ́ awọ apá. Oríṣi méjì ni ti apá: ọlọ́dún mẹ́ta, igi kan, ọlọ́dún márùn-ún, igi méjì. Ó jẹ́ ká fọwọ́ kàn án. Gígùn rẹ̀ kò ju ti igi ìṣáná lọ.

Ó tún fi abẹ́rẹ́ kan hàn wá tí èèyàn lè gún fúnra rẹ̀ nílé, ní ikùn tàbí itan, oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ibí yìí ni inú ti bí mi. Mo ní, "Àǹtí, èyí ti wà látọjọ́ yìí?" Ó ní ó ti wà. Ó ní èyí tí mo pàdánù pàápàá, wọ́n ṣì lè gún un fún mi títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn déètì orí kádì. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi nígbà yẹn. Èmi rò pé bí déètì bá ti kọjá, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Mo mú ọlọ́dún márùn-ún. Apá òsì ló fi sí, torí ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń yan gààrí. Abẹ́rẹ́ tó fi pa apá kú ta mí bí ìjàlọ. Lẹ́yìn ìyẹn, mo kàn ń mọ̀ pé ó ń ti nǹkan wọlé ni, kò dùn mí. Kò pẹ́ tó fi ní kí n fọwọ́ tẹ ibẹ̀ wò: igi méjì, wọ́n ya síra bí ẹnu ẹyẹ tó là.

Láti 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní ọ̀fẹ́ ni nǹkan ìfètò nílé ìwòsàn ìjọba. Lóòótọ́, wọn ò gbowó igi. Owó ìbọ̀wọ́, òwú, bíléèdì àti oògùn tó ń pa apá kú ni wọ́n gbà, ₦2,000, kò sí rìsíìtì. Ọ̀kan nínú àwa mẹ́rin ò ní in lọ́wọ́. Ó so gèlè rẹ̀ le, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó ní òun máa padà wá. Èmi náà ò ní owó ẹlòmíì lára.

Ẹ̀jẹ̀ ń kán díẹ̀díẹ̀ fún bí oṣù méjì. Bàbá àwọn ọmọ ní kí n lọ yọ ọ́. Mo pe nọ́ọ̀sì, torí ó ti fún wa ní nọ́ńbà rẹ̀, ó sì bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀: "Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, sà. Tó bá pọ̀ jù tàbí tí ò dá, ẹ mú wọn wá." Ó dá. Nọ́ńbà yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí n fún un ní 9. Ẹ kọ́kọ́ pè é, kí ẹ bi í bóyá nǹkan wà nílẹ̀, kí ẹ tó gun ọ̀kadà.

Tí wọ́n bá lè fi Ọjọ́ Ẹtì kún un, máàkì wọn á gòkè. Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì inú ọ̀sẹ̀ kan náà ò lè jẹ́ ọjà papọ̀, mo ti kà á.

11/6/2030 ni wọ́n kọ sí kádì mi pé kí n wá yọ ọ́. Mo ní kí ọmọ mi àgbà bá mi wò ó lórí fóònù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni.