Ẹ ṣọ́ra o: ẹyin jíjẹ ni wọ́n ń tà fún wa ní Ìlọrin pé ọmọ wà nínú rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń pa ẹyin adìyẹ di ọmọ lẹ́yìnkùlé, pàápàá ẹ̀yin ará Ìlọrin, Ọ̀fà, Àjàṣẹ́ àti Òmù-Àrán, ẹ dákun, ẹ ka èyí kí ẹ tó fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà tó ń ta ẹyin "ọlọ́mọ" lórí WhatsApp, ₦12,000 kírétì kan. Ó ta méjì fún mi. Irú ẹyin tí ìyá ẹlẹ́yin ń tà ládùúgbò ni, kò sí àkùkọ kankan nínú ọ̀rọ̀ náà rárá.

Mi ò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí. Orúkọ mẹ́ta ló ń jẹ́ lórí nọ́ńbà mẹ́ta, èyíkéyìí tí mo bá sì kọ, ẹlòmíì tó ń jẹ́ orúkọ yẹn gan-an ló máa forí fá a. Bó ṣe ń ṣe é ni kí ẹ mọ̀.

Fídíò ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Àkùkọ ńláńlá méjì láàárín abo bíi ogún, lórí ilẹ̀ tó mọ́ tónítóní. Mo ní mo fẹ́ wá wo oko náà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, a kì í jẹ́ kí àlejò wọ oko nítorí àrùn." Ohun tó jẹ́ kí irọ́ yẹn dùn ni pé òótọ́ wà nínú rẹ̀, torí àwọn olóko gidi náà kì í fẹ́ kí bàtà àlejò gbé àrùn lùkúlùkú wọlé fún wọn. Ni mo bá gbà. A pàdé ní Ọ̀fà Gáréèjì, ó gbé kírétì méjì fún mi, mo fowó sí àkáǹtì rẹ̀, ó tilẹ̀ ṣàdúrà fún mi pé adìyẹ náà á pọ̀ sí i lọ́wọ́ mi.

Ẹyin 60. Ẹ̀rọ tí mo fi ń pa ẹyin di ọmọ ń gba 56. Ìyàwó mi fi mẹ́rin tó ṣẹ́kù dín ẹyin fún àwọn ọmọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n fi jẹ iṣu. Ibẹ̀ ló ń dùn mí títí dòní. Ká ní a ti wo pupa inú ẹyin mẹ́rin yẹn dáadáa kó tó kan òróró gbígbóná ni, à bá ti mọ̀. Àmì funfun kékeré kan máa ń wà lórí pupa ẹyin èyíkéyìí. Bí àkùkọ ò bá gun abo tó yé e, àmì yẹn á kéré, á funfun gbáà, etí rẹ̀ á sì rí jákujàku. Bí àkùkọ bá ti gùn ún, àmì náà á fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, á rí roboto, bí ìgbà tí òrùka yí i ká. Ojú lásán rí i. Ẹyin kan péré ni ẹ máa fọ́, kò sì ní ṣòfò, ẹ dín in jẹ.

Nígbà tó di ọjọ́ 7, mo pa iná yàrá, mo fi tọ́ọ̀ṣì yẹ gbogbo wọn wò. Iṣan tín-ín-rín ló yẹ kí n rí, tó ta káàkiri bí òwú aláǹtakùn, pẹ̀lú ohun dúdú kékeré láàárín. Gbogbo rẹ̀ mọ́ bí omi. Mo pè é. "Ẹ̀gbọ́n, èèpo pupa nípọn, ẹ ò lè rí nǹkan kan. Ẹ dúró di ọjọ́ 21." Lóòótọ́, ó máa ń ṣòro díẹ̀ láti rí inú ẹyin elépo pupa ju ti funfun lọ, ni mo bá tún dúró. Ọjọ́ 10, kò sí ohun tó yí padà. Nígbà tí mo tún pè é ló wá béèrè ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá pè é: "Ṣé iná ò lọ lọ́dọ̀ yín?"

Ẹ̀yin ará Ìlọrin, ta ni iná kì í lọ lọ́dọ̀ rẹ̀? Orí ìbéèrè yẹn ni gbogbo òwò rẹ̀ dúró lé. Gbàrà tí ẹ bá ti dáhùn pé iná lọ fún wákàtí mẹ́ta lánàá, ó ti bọ́ nínú ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ pa ọmọ inú ẹyin, òun kọ́. Èmi náà ti ń dá ara mi lẹ́bi, mo ti ń béèrè iye tí wọ́n ń ta ínfátà, kó tó di pé ẹ̀gbọ́n mi kan ní Òmù-Àrán, tó ti ń pa ẹyin adìyẹ di ọmọ tipẹ́, ní kí n fọ́ díẹ̀ wò. Ó ní bí iná tó lọ bá pa ọmọ inú ẹyin, òkú rẹ̀ á wà níbẹ̀, ẹ ó bá òrùka ẹ̀jẹ̀ tàbí iṣan tó ti dúdú. Mo fọ́ mẹ́wàá. Pupa ẹyin ti rọ̀ díẹ̀ nítorí ooru, àmọ́ kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí iṣan, àmì jákujàku yẹn ló wà lórí gbogbo wọn. Iná ò lè pa ohun tí kò sí.

Kí ọkàn mi lè balẹ̀ pé ẹ̀rọ ò jẹ̀bi, mo gba ẹyin 5 lọ́wọ́ Alhaja kan ládùúgbò wa ní Tánkẹ́, ti adìyẹ ìbílẹ̀ tó ń bá àkùkọ rẹ̀ rìn káàkiri. Ẹ̀rọ kan náà, ooru 37.5 kan náà, NEPA kan náà. Lọ́jọ́ 7, iṣan ti ta nínú mẹ́rin. Lọ́jọ́ 21, mẹ́rin jáde.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà sórí status mi, ni arákùnrin kan láti Ọ̀fà bá pè mí. Fídíò kan náà ni wọ́n fi hàn án. Tirẹ̀ tún burú ju tèmi lọ, torí nígbà tó yarí, ọkùnrin yìí ní kó fi owó díẹ̀ kún un, òun á fún un ní 50 ọmọ léyà (adìyẹ tí wọ́n ń sìn fún ẹyin) ọlọ́jọ́ kan, gbogbo wọn abo. Ọmọ yẹ́lò ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin tó ti sin léyà pupa bí Isa Brown mọ̀ pé abo ló máa ń jáde pẹ̀lú irun pupa rúsúrúsú, akọ ló ń jẹ́ yẹ́lò tó fẹ́ẹ́ funfun. Arákùnrin náà ò mọ̀, ó ń fún wọn ní oúnjẹ olówó ńlá títí ogbe fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí gbogbo wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ẹyin báyìí, ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ fọ́ ọ̀kan níwájú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹni tí àkùkọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lóòótọ́ kò ní kọ̀. Bí kò bá fẹ́ àlejò lóko, ẹ pè é lórí fídíò lójú ẹsẹ̀, kó yí fóònù sí àkùkọ, kó ṣa ẹyin lójú yín. Ẹyin tó bá ti ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ẹ má rà á. Bí ẹ̀gbọ́n mi ti Òmù-Àrán bá ta ẹyin ọlọ́mọ, ó máa ń gba ìdajì owó, á ní kí ẹni tó rà á san ìyókù bó bá yẹ ẹyin wò lọ́jọ́ 7. Ẹ fi ìyẹn lọ ọlọ́jà yín, kí ẹ wo ojú rẹ̀.

Ilé adìyẹ tí mo fi pákó Sawmill kàn fún 50 ṣì wà níbẹ̀, mẹ́rin ló ń gbé inú rẹ̀, àti alángbá kan tí kò sanwó ilé. Láàárọ̀ yìí, ọkùnrin náà tún gbé fídíò jáde lórí nọ́ńbà tuntun. Ẹyin tòlótòló ló ní òun ń tà báyìí. Ọjọ́ 28 ni tòlótòló máa ń lò kó tó pamọ.