Áàpù ìfowópamọ́ tó ń gbé èlé lé èlé

Ọmọ iṣẹ́ mi kan níbi tí mo ti ń ránṣọ ní Mọ́kọ́lá ló gbé áàpù yìí sórí fóònù mi. Owó ọjọ́ kan ni alájọ wa ń yọ lóṣooṣù, kò sì sí èlé nínú ọ̀rọ̀ tiwọn. Mi ò bá wọn jà o, ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n fi ń wá mi.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú áàpù náà ni ibi ìṣirò. Mo tẹ ₦100,000 sí i, èlé 10% lọ́dún. Ọdún kìíní, ₦110,000. Ọdún kejì, ₦121,000, torí ₦10,000 èlé àkọ́kọ́ náà ti bí ₦1,000 tirẹ̀. Ọdún kẹta, ₦133,100. Ẹ ò ní kà á sí nǹkan níbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ tó bá fi máa pé ọdún mẹ́jọ, ó ti lé ní ₦214,000. Ẹni tó bá ń yọ èlé rẹ̀ ná lọ́dọọdún, gbogbo rẹ̀ pọ̀, ₦180,000 ni tirẹ̀.

Wọn ò sọ̀rọ̀ ọ̀wọ́ngógó rárá ṣá. Irú ọdún 2024 tí ọjà gbówó lórí ju 30% lọ, kí ni èlé 10% fẹ́ rà?

Bẹ́ẹ̀ náà, tẹ́ ẹ bá yọ owó kí ọjọ́ tó pé, èlé ti lọ nìyẹn. Wínníwínní ni wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀. Awò ojú ni mo fi rí i kà. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ká ní wọ́n kọ òfin yẹn gàdàgbà ni, wọn ì bá gba mẹ́rin.