Kilimanjaro láti ojú fèrèsé bàálù: ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ jókòó sí

Bí ẹ bá ń wọ bàálù láti Nairobi lọ sí Dar es Salaam tàbí Zanzibar, ẹ san owó tí wọ́n ń gbà lórí yíyan ìjókòó. N kì í sábà san án níbòmíràn, ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà yìí, òkè tó ga jù lọ ní Áfíríkà ni ẹ ń sanwó wò.

Ìwọ̀-oòrùn ọ̀nà tí bàálù sábà ń gbà ni Kilimanjaro wà. Ọwọ́ ọ̀tún lẹ ó ti rí i bí ẹ bá ń lọ, ọwọ́ òsì bí ẹ bá ń bọ̀. Nínú Boeing 737, F ni fèrèsé ọ̀tún, A ni ti òsì. Ẹ má gba ìjókòó tó wà lókè ìyẹ́ o, ìyẹ́ yóò bo gbogbo ilẹ̀ mọ́ yín lójú. Ẹ̀yìn ìyẹ́ sàn díẹ̀, àmọ́ ooru tó ń jáde lára ẹ́ńjìnnì máa ń da àwòrán rú. Iwájú ìyẹ́ ni mo fọwọ́ sí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣọ́ra: ọ̀pọ̀ Boeing 737 ní ìlà kan tó jẹ́ ògiri lásán, torí ọ̀pá afẹ́fẹ́ ló gba ibẹ̀ kọjá.

Aago tún ṣe pàtàkì bíi ìjókòó. Bàálù àárọ̀ ni kí ẹ wọ̀. Lásìkò yẹn, ẹ̀yìn yín ni oòrùn ti ń ràn, ojú òkè ló sì ń tàn sí. Tó bá di ọ̀sán, àwọsánmà ti gbára jọ lé e lórí. Bí ẹ bá ń padà bọ̀ nírọ̀lẹ́, oòrùn á dojú kọ yín. Oṣù Kẹta sí Karùn-ún ni òjò ńlá ibẹ̀. Oṣù Kẹfà sí Kẹwàá dára jù ú lọ fíìfíì.

Ọmọ Èkìtì ni mí, òkè kì í ṣe àjòjì sí mi, síbẹ̀ n kò rí irú èyí rí. A ò tíì pẹ́ lójú ọ̀run tó fi yọ. Àwọsánmà tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀, Kibo, ṣóńṣó Kilimanjaro tó ga jù lọ, yọrí jáde láàárín rẹ̀, 5,895 mítà, ihò orí rẹ̀ rí róbótó bí ẹnu ìkòkò. Mawenzi, ṣóńṣó kejì, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, 5,149 mítà, àpáta dúdú tó rí ṣóńṣó-ṣóńṣó. Kibo ni gbogbo èrò ń yà ní fọ́tò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo Mawenzi náà.

Yìnyín orí Kibo ló dùn mí. Ègé funfun díẹ̀ ló kù. Láti 1912, ó ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá rẹ̀ tó ti yọ́ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó tètè lọ.

Ti fọ́tò: ẹ pa iná fóònù, kí ẹ fi aṣọ dúdú yí i ká lójú fèrèsé kí ojú yín má bàa hàn nínú àwòrán.

Ilé iṣẹ́ kan ti pààrọ̀ bàálù mọ́ mi lọ́wọ́ rí, ìjókòó tí mo sanwó fún sì di ti àárín. Ẹ tún nọ́ńbà yín wò lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Tó bá sì jẹ́ pápákọ̀ Kilimanjaro fúnra rẹ̀ lẹ ń lọ láti Nairobi, ọwọ́ òsì ni kí ẹ mú. Òkè Meru ni ẹni tó wà lọ́tùn-ún máa rí.