Àgbéyẹ̀wò Ẹyin Penedesenca Dúdú fún Sísàba: Ìràwọ̀ 4 Nínú 5

Ìran adìyẹ ilẹ̀ Katalóníà ní Sípéènì ni Penedesenca, agbègbè Vilafranca del Penedès ló ti ṣẹ̀. Ẹyin rẹ̀ pọ́n dúdú bíi kòkó yíyan. Etí rẹ̀ sì funfun, bẹ́ẹ̀ sì rèé, adìyẹ elétí funfun, ẹyin funfun ló sábà máa ń yé. Ìran yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parun kí àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí Mas Bové, lẹ́bàá ìlú Reus, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jọ ní àwọn ọdún 1980. Ìdí nìyẹn tí ẹyin tó bá tẹni lọ́wọ́ kò fi yẹ kó ṣòfò.

Ìdì ẹyin tí mo rà dára gan-an. Fóòmù tí wọ́n gbẹ́ ihò sí ni, ibi ṣóńṣó ẹyin kọjú sílẹ̀, ẹyọ kan ò fọ́. Ìràwọ̀ tí mo yọ nìyí: ẹni tó tà á kò kọ ọjọ́ tí adìyẹ yé e, kò sì sọ agbo tó ti wá. Ẹyin tó bá ti lé ní ọjọ́ 10 kì í fi bẹ́ẹ̀ pa mọ́. Ẹni tó fẹ́ dá ìran sí náà gbọ́dọ̀ mọ èyí tó jẹ́ ọmọ ìyá kan náà.

Ẹ jẹ́ kí ẹyin sinmi fún wákàtí 24, torí mímì ojú ọ̀nà máa ń tú àyè afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kúrò nípò. Bí àyè náà bá ṣì ń rìn kiri, ẹ má yí ẹyin fún ọjọ́ 3 àkọ́kọ́.

Ìgbóná 37.5°C tó nínú ẹ̀rọ ìsàba tó ní fáànù. Ọ̀rinrin ló ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìwọ̀n 50% tí a sábà máa ń lò fún ẹyin mìíràn ti pọ̀ jù fún èyí, nítorí èèpo dúdú kì í tètè jẹ́ kí omi jáde. Ẹ lo 35 sí 40% títí di ọjọ́ 18, kí ẹ sì gbé ẹyin sórí òṣùwọ̀n: èyí tó wúwo ní 60 gíráàmù níbẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti fúyẹ́ dé nǹkan bí 52.5. Bí omi bá ṣẹ́ kù jù nínú rẹ̀, òròmọdìyẹ á wú, kò ní ráyè yíra, á sì kú sínú èèpo. Láti ọjọ́ 18, ẹ gbé ọ̀rinrin sí 65 sí 70%, ẹ má sì yí i mọ́, ẹ má sì ṣí ẹ̀rọ.

Bí ẹ bá fẹ́ wò ó bóyá ọmọ ń dàgbà nínú ẹyin, ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì fóònù kò lè wọ èèpo yìí. Ẹ lo èyí tó mọ́lẹ̀ gan-an nínú yàrá tó ṣókùnkùn, ní ọjọ́ 10.

Adìyẹ yìí lè fara da ooru, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tètè máa ń bà á, ó sì máa ń fò. Ilé tí kò ní àwọ̀n lórí ò bá a mu.

Àwọ̀ ẹyin máa ń ṣí bí àgbébọ̀ bá ti ń yé lọ, torí náà ẹyin ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni kí ẹ fi yan ìyá. Àkùkọ náà ń fi àwọ̀ yìí fún ọmọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í yé: èyí tó jáde látinú ẹyin tó dúdú jù ni kí ẹ mú.

Àkùkọ 1 sí àgbébọ̀ 10 kò tó láti dá ìran sí. Bí a bá ṣírò bí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe yàtọ̀ síra tó, bí adìyẹ 3.6 péré ló rí, nígbà tí àkùkọ 4 sí àgbébọ̀ 10 yìí kan náà máa ń sún un dé 11.4. Ẹ pín wọn sí agbo 3. Àwọn ọmọ obìnrin á dúró sí agbo ìyá wọn, àwọn ọmọ ọkùnrin á sún sí agbo tó kàn lọ́dọọdún. Bí àkùkọ àjèjì bá ti bá wọn ṣe, ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ 3 lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó kó ẹyin sàba.