Bátìrì lithium tí mo rà fún tírélà wa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi ọkọ̀ fa tírélà (ilé kékeré onítáyà tí wọ́n ń sùn sí) lọ sùn síbi tí kò sí iná tẹ́ ẹ lè kì wáyà bọ̀, ẹ wá gbọ́ o. Ojú mi rí nǹkan lọ́wọ́ bátìrì olómi tó bá tírélà wa wá. Ní Big Bend ní Texas níbí, Dìsẹ́ńbà, òtútù ń mú, fáànù hítà ń yí látìrọ̀lẹ́, nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta òru iná ti ń ṣẹ́jú bíi ti NEPA, ìyàwó mi kàn fa bùláńkẹ́ẹ̀tì borí ni, kò tiẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ 😂. Bátìrì yẹn, tí wọ́n bá kọ 100Ah (ìwọ̀n iná tó lè gbà) sí i lára, nǹkan bí 50Ah lèèyàn lè lò kó má baà tètè kú.

Ni mo bá ra lithium 100Ah. Ó fúyẹ́, èmi nìkan gbé e, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹ̀ lo máa lò. Hítà ṣiṣẹ́ mọ́jú, nígbà tí mo wo iná bátìrì lórí fóònù láàárọ̀, ó ṣì ku 46%. Sólà orí òrùlé ló ń rọ iná sí i lọ́sàn-án.

Àmọ́ ó wọ́n o! Tí òtútù bá ti wálẹ̀ ju 0°C lọ, kì í gba iná wọlé, bátìrì tó ní hítà tiẹ̀ nínú ni ǹ bá ti rà. Ọmọ mi tún lọ ki kẹ́tù iná bọ inverter, gbogbo tírélà ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà. Gáàsì la fi ń se omi tíì báyìí.