Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó mú kí àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké lanu sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń bi mí bóyá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ìwà tó tọ́ lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mo lọ ṣe n'Íbàdàn tó owó ẹ̀: ó tó o, nítorí ohun tá a ṣe láàárọ̀.

Wọn ò ka òfin iṣẹ́ sí wa létí. Ọ̀rọ̀ Kánò ni wọ́n gbé ka iwájú wa. Lọ́dún 1996, àrùn yírunyírun ń pa àwọn ọmọdé níbẹ̀. Pfizer, ilé iṣẹ́ apoògùn ará Amẹ́ríkà, gbé oògùn tuntun wá, Trovan. Nǹkan bí 100 ọmọ gba Trovan, nǹkan bí 100 mìíràn gba ceftriaxone, oògùn tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 kú: 5 nínú àwọn tó gba Trovan, 6 nínú àwọn yòókù. Ọ̀pọ̀ òbí ní àwọn ò mọ̀ pé wọ́n ń dán oògùn wò lára ọmọ àwọn. Pfizer ní àwọn nọ́ọ̀sì ti ṣàlàyé fún wọn lẹ́nu. Ẹ gbọ́ o, àwọn nọ́ọ̀sì!

Àmọ́ ojú ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n pín fún wa ò sọ ẹni tó kú rárá. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé: ìwọ lo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Kánò níbi tí wọ́n ti ń dán Trovan wò, ìyá kan gbé ọmọ dé, ara ọmọ ń jó bí iná, ọrùn rẹ̀ ti gan. Ìyá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ọgbà ọsibítù yìí kan náà, àwọn Médecins Sans Frontières (MSF), ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń ṣèrànwọ́ káàkiri ayé, ń fi chloramphenicol, oògùn tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, tọ́jú èèyàn. Kí lo máa sọ fún un?

Kálukú kọ tiẹ̀ sílẹ̀ ká tó sọ̀rọ̀, ẹni tó kéré jù lẹ́nu iṣẹ́ ló sì kọ́kọ́ kà. Ẹ mọ̀ pé bí mátírọ́ọ̀nù bá ti sọ tiẹ̀, "Yẹs, Mà" ló kù. Lọ́jọ́ yẹn, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ ní òun á júwe ọ̀dọ̀ MSF fún ìyá náà. Àǹtí àgbà kan ní, "Iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ ẹ." Ó fèsì pé, "Mo mọ̀, Mà." Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀, olùkọ́ ò sì dá ẹnikẹ́ni láre. Ìyẹn wù mí gan-an.

Ọ̀sán ò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Tuskegee, ìlú kan l'Amẹ́ríkà, ni wọ́n mú wá, níbi tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń wo àwọn ọkùnrin dúdú tó ní syphilis, àrùn tí wọ́n ń kó nínú ìbálòpọ̀, láti 1932 títí di 1972 láì tọ́jú wọn, kódà lẹ́yìn tí penicillin, oògùn tó ń wò ó, ti dé. Ìtàn ńlá ni, àmọ́ wọ́n ti sọ òpin ẹ̀ tán kí wọ́n tó bi wá léèrè. Gbogbo wa kàn ń sọ pé kò dáa ni.

Ẹ lọ o, ẹ sì bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wọ́ọ̀dù tiwa rọ́pò ti ọ̀sán: àwọn ọmọ tó ń fà wá sí kọ̀rọ̀ pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Dádì pé jẹjẹrẹ ni."